Ààrò Tí Elroy Kubena Fi Pamọ́ Sínú Páànù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi, kí ẹni tó ń jẹun rọra máa jẹ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹran ni mo fẹ́ sọ, mo sì ṣèlérí pé ẹ ó rẹ́rìn-ín kí n tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Elroy Kubena ni, olórí ẹgbẹ́ panápaná ìlú Komarek ní Texas, ọkùnrin tí gbogbo àgbègbè wa gbà pé kò sí ẹni tó mọ àyà màlúù yan tó o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó dìde níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn panápaná, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní, “Òtítọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ pọ̀ jáde lónìí, torí lọ́jọ́ Ajé ni dókítà máa la ikùn mi.”

Harlan, igbákejì rẹ̀, ní, “Ẹ̀gbọ́n, òkúta inú òróòro lásán ni wọ́n fẹ́ yọ. Ìyá mi ṣe é, wọ́n wálé, wọ́n sì se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.”

“Ìyá ẹ ò ní ohun tí mo ní níkùn.”

Elroy ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Fàdá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó rò pé yóò parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Fàdá gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ọlọ́run ti gbọ́, Elroy. Àmọ́ kì í ṣe Ọlọ́run ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ panápaná lọ́wọ́ ẹ̀.” Ìdí nìyẹn tí ó fi dúró níbẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ Vlasta jókòó níwájú, tí Darlene ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, tí Cody ọkọ Darlene sì dá wà lẹ́yìn pátápátá, létí ilẹ̀kùn, bí àlejò. Elroy kò lè wo ibi tí Cody wà. Òrùlé ló ń wò nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀.

“Gbogbo yín lẹ mọ bí mo ṣe máa ń fi àwọn tó ń lo ẹ̀rọ oníwóro ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ iná mànàmáná, tó ń fi wóro igi bọ́ ara ẹ̀ bí ẹni ń fọ́nkà fún adìyẹ. Nígbà tí Cody ra tiẹ̀, mo ní ẹni tó bá ń fi iná mànàmáná yan ẹran, kó kúkú máa fi fáànù jẹun. Mo ní igi óákù nìkan lọkùnrin fi ń dáná. Ẹ sì ń pè mí ní Elroy Onígi, inú mi ń dùn. Àmọ́ orúnkún mi ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mi ò lè ru igi mọ́, mi ò lè jókòó ti iná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dípò kí n sọ pé mo ti dàgbà, èmi aláìnítìjú yìí, mo wakọ̀ lọ sílùú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, mo ra ẹ̀rọ yẹn, mo fi aṣọ bò ó bí òkú, mo gbé e wọ yàrá onípáànù tó wà lẹ́yìnkùlé mi. Níwájú ilé, mo ń dá iná sínú ààrò ńlá tí bàbá mi fi sílẹ̀, láìfi ẹran kankan sí i, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí èéfín. Èéfín wà níwájú, ẹran wà lẹ́yìn, èmi alára wà lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Vlasta gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá Darlene, mo mọ̀ pé ẹ kì í jókòó ti iná. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ń fọ aṣọ tó ń rùn bí igi jíjó. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró. Mo rò pé ẹ lọ ń ra ẹran yíyan nílùú kejì ni.”

“Ra ẹran kẹ̀? Èmi?”

“Ìyẹn ló wá bí yín nínú.”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, Elroy náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì tún di ẹ̀yìn àga mú.

“Ẹ rántí oòrùn ọjọ́ àsè wa lọ́dún tó kọjá. Ajá rí olè, kò gbó, ojú lásán ló fi tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Cody bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ńlá ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀, ó ní, ‘Dádì, oòrùn lọ̀tá ẹ̀rọ yìí. Ibi tí ìbòòji àti afẹ́fẹ́ bá wà lèèyàn ń gbé e sí, kí irin ẹ̀ má bàa gbóná láti ìta. Ó yẹ kéèyàn máa yọjú wo iná ẹ̀ gan-an, kì í ṣe nọ́ńbà ooru tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan.’ Mo ní kí lèmi onígi fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Àmọ́ etí mi ń gbọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò síbi tí mo lè gbé e sí. Ẹ̀rọ ṣe é gbé sábẹ́ igi, àṣírí ò ṣe é gbé sábẹ́ igi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé. Oòrùn jó páànù títí yàrá fi di ààrò, ààrò wá wà nínú ààrò. Irin kékeré tó ń tọ́ ooru wò nínú ẹ̀rọ ní ooru ti pọ̀jù, ẹ̀rọ bá dáwọ́ wóro dúró, iná tí kò jẹun sì ń kú lọ. Mo yọjú wo ojú ẹ̀rọ, mo rí i pé ó gbóná dáadáa, mo padà lọ sùn. Oòrùn ń parọ́ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń parọ́ fún mi, èmi ń parọ́ fún yín. Ìgbà tó di ọ̀sán, òjò ṣú, atẹ́gùn tútù fẹ́. Ẹ̀rọ tají, ó rí i pé ara òun ti tutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da wóro lé wóro lórí ẹ̀yinná tó kù. Èéfín funfun kún inú ẹ̀, ó sì dún gbàù. Ìdérí ẹ̀ fò lọ bá páànù. Yàrá gbiná.”

“A kì í fi iná sórí òrùlé sùn,” Harlan sọ.

“Èmi sùn. Cody ló wa ọkọ̀ panápaná wá, òun ló pa iná tí kò fi ràn mọ́ ilé. Ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, ‘Dádì, ṣé kò síbi tó jó yín?’ Ibi tó burú jù ni mo dé yìí, ẹ bá mi rọra. Harlan bi mí ohun tó fa iná. Mo wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé mi sílẹ̀, mo sì ní, ‘Sìgá Cody ni. Mo rí i lẹ́yìn yàrá yẹn láàárọ̀.’ Mo sì mọ̀ pé ó ti búra fún Darlene pé òun ò fa sìgá mọ́. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má wọnú eérú, pé èmi olórí ni màá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbẹ́lẹ̀ sin òkú ẹ̀rọ, mo gbin tòmátì sórí ẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọlọ́mọ. Darlene gbé ìrọ̀rí ọkọ ẹ̀ jù sórí àga pálọ̀. Èmi náà lọ bá Darlene kẹ́dùn. Mo ní kó fara da ọkọ ẹ̀. Mo sì jẹ kéèkì tó gbé fún mi.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Darlene ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Dádì, ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó tí ọkọ mi fi sùn lórí àga yẹn?”

“Mo mọ̀, ọmọ mi.”

“Ẹ ò mọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ̀yin wà.”

Elroy tẹrí ba. “Ẹní bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Tòmátì yẹn gan-an ń rùn bí èéfín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara yín bá ti rẹ̀, ẹ sọ pé ó ti rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tí ìyẹn pa. Cody, mi ò lẹ́nu tí mo fi lè bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́.”

Cody dìde. Ó ní, “Dádì, mo mọ̀. Mo ti rí wóro igi nínú àtẹ́lẹ̀ bàtà yín. Kí lẹ rò pé ó fà á tí mo fi ń kọ́ onígi ní ìlò ẹ̀rọ oníwóro?”

“Kí ló dé tóò sọ?”

“Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́, èmi àbí Elroy Onígi?”

Harlan bọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò lára bẹ́líìtì rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó fi í lé Cody lọ́wọ́, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Darlene sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ nu àga tó ṣófo. Cody kò tíì jókòó. Ó ní, “Mo dárí jì yín, Dádì, àmọ́ ẹ ó san nǹkan kan.”

Wọ́n yọ òkúta náà, Elroy kò kú. Nígbà tí ọjọ́ àsè tún dé, orí pápá gbalasa ni wọ́n gbé e sí, kò sí igi kan. Cody gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ṣí agbòòrùn ńlá kan, ó fi í lé bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ bá mi ṣíji bò ó.” Àgbàlagbà náà dúró láti àárọ̀ títí ẹran fi jinná. Ẹ̀rọ wà ní ìbòòji, òun wà nínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ohun tó dé, Elroy ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀, ìlú sì tò sẹ́yìn ara wọn wá béèrè, títí kan àwọn tó ti gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn.

Vlasta ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, bó ṣe ń fi yìnyín pa ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn tí oòrùn ti jó. Ibi tí ó bá gbàgbé, Elroy fúnra rẹ̀ ló ń rán an létí.