Kóòtù Ọ̀gágun ní Jonesboro

Mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́ ní Jonesboro, ní Amẹ́ríkà, ni mo bá gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń fi kóòtù ológun tó ti ṣá han aunty ẹ̀.

"Aunty, ọ̀gágun ló wọ̀ ọ́ nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sí parlour."

"Ìhà wo ló wà? Àwọn tó fẹ́ dá ẹrú sílẹ̀, àbí àwọn tí kò fẹ́?"

"Ẹni tó ń tà á ní òun ò mọ̀."

"Ó mọ ọdún tí wọ́n rán an, ó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n pààrọ̀, ogun tó jà nìkan ni ò mọ̀? Padà lọ bi í, kí o máa wo ojú ẹ̀."

Ọwọ́ òfo ló fi padà dé.

"Ó ní òun rò pé mi ò ní béèrè ni."