Owó Inú Ìṣẹ́tí Ṣòkòtò

Rárá o, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò wá jókòó! Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà lórí ìjókòó ọkọ̀, ìdí mi ti kú, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ tẹnu mi. Ẹ̀yin ni ọ̀gá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbúrẹ́dì? Ẹ̀yin ni Bàbá Olùkọ́ mú ṣòkòtò aláwọ̀ eérú wá bá lánàá, pé kí ẹ bá òun gé e kúrú? Ó dáa. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Ibo ni ẹ kó ohun tí ẹ gé kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò yẹn sí?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi! Ta ló máa wọ ọkọ̀ wákàtí mẹ́jọ nítorí àkísà? Owó ló wà níbẹ̀. Owó! Bébà mẹ́rìnlá, méje lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, méje lẹ́sẹ̀ òsì, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán wọn mọ́ inú ìṣẹ́tí. Ẹ ní kí ló gbé owó débẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín nígbà náà, kí ẹ lè mọ̀ pé orí mi pé.

Màmá mi ní máṣíìnì ìránṣọ kan, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, òun ló fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àbúrò mi ọkùnrin, tí mo pọ̀n, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n o, ó dúró kí n lọ ṣọ́ọ̀bù tán, ó gbé e tà. Ó ní ó ń gba àyè ní pálọ̀. Ó ní ojú màmá ò ríran mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ṣé ojú ni wọ́n fi ń wa máṣíìnì ni? Láti ọjọ́ náà, màmá á jókòó sórí àga wọn, ẹsẹ̀ wọn á máa wa máṣíìnì tí kò sí níbẹ̀. Gbì, gbì, gbì. Tí wọ́n bá sinmi, wọ́n á ní, “Ṣé ó ti tún un ṣe tán?” torí irọ́ tí a pa fún wọn ni pé ó wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Oṣù mẹ́ta rèé! Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó ti ìyá yín kí ẹ máa gbọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá òkèlè á lọ lọ́nà ọ̀fun yín.

Àfi bí mo ṣe ṣí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo rí máṣíìnì wa. Àpá áyọ́ọ̀nù tí mo fi jó tábìlì rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ṣì wà níbẹ̀, èyí tí mo jẹgba lé lórí! Mo kígbe débi pé oníbàárà tí mò ń wọn àyà rẹ̀ sá jáde. Ọmọ Bàbá Olùkọ́ ló gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ló rà á fún un, ọmọ ní oníná ni òun fẹ́. Mo pè wọ́n pé mo fẹ́ rà á padà. Bàbá gba fóònù, wọ́n ní àwọn ò gba owó inú báǹkì o, pé gbájúẹ̀ kan ti fi áláàtì ayédèrú gbé fíríìjì àwọn lọ rí, owó tí ọwọ́ àwọn ò bá tẹ̀, kì í ṣe owó. Mo ní màá wá. Wọ́n ní nígbà wo? Ogójì aṣọ ilé ìwé sì wà lọ́rùn mi! Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì nígbà náà.

Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́tà tó bá ti wú, gbogbo ayé ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ni mo bá gbọ́n. Ẹ gbọ́ mi bí? Mo gbọ́n! Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà. Mo rán ṣòkòtò, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ ní fífẹ̀ ìka mẹ́rin, mo tẹ́ owó sínú rẹ̀, mo fi ọwọ́ rán an yíká. Ta ló máa jí ṣòkòtò àgbàlagbà? Torí pé ohùn bàbá yẹn dún lórí fóònù bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá, mo ní ọkùnrin gíga nìyẹn. Ínṣì mẹ́rìnlélógójì ni mo gé fún un! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn lónìí ni. Ọ̀gá mi, wọn ò dé èjìká mi.

Mi ò lè kọ ọ́ sínú ẹrù pé ẹ tú ìṣẹ́tí, kí ẹlòmíràn má baà kà á. Orí fóònù ọmọ wọn ni mo kọ ọ́ sí, fóònù ọmọ ọ̀hún sì ti bọ́ sómi láti ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá tú ẹrù, wọ́n rí ṣòkòtò, wọn ò rí owó. Wọ́n gbé ṣòkòtò wá sọ́dọ̀ yín. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n fi fóònù aládùúgbò pè mí: “Ìyá aránṣọ, ẹ ṣeun fún ṣòkòtò, mo ti ní kí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n owó yín ti sọnù sí pósọ́fíìsì o.” Kí n tó là á yé wọn, fóònù ti gé, ni mo bá wọ ọkọ̀ ìdájí.

Ilé wọn ni mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní ìtàn mi jọ ti àwọn tó gbé fíríìjì lọ. Èmi! Wọ́n ní tó bá di aago mẹ́rin tí wọn ò rí owó, ẹni tó ń ra àlòkù irin á gbé máṣíìnì. Irin! Wọ́n á fọ́ máṣíìnì ìyá mi wẹ́wẹ́!

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò mọ nǹkan kan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ránṣọ, sísọ́ọ̀sì máa ń sọ ohun tó wà nínú aṣọ fún ọwọ́. Mo yẹ ṣòkòtò yẹn wò lára bàbá, òkè ibi tí mo rán gẹ́lẹ́ ni ẹ ti gé e, ìka kan péré, ẹ ò fara kan ìṣẹ́tí rárá. Ẹ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀! Ẹ wò mí lójú. Kí ló dé tí ẹ ń wo ilẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣépè fún ẹni tá a jọ ń jẹ nídìí abẹ́rẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ná an, kí gbogbo sípù tí ẹ bá rán...

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Oògùn? Ẹ ní ẹ rò pé ẹnì kan di oògùn sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún Bàbá Olùkọ́? Ó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ẹ wá fi igi gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ fi garawa dé e mọ́lẹ̀, ẹ ò sọ fún bàbá kí àyà wọn má baà já? Ẹ fẹ́ sun ún láàárọ̀ yìí, kẹrosíìnì ló tán! Yéè! Ọlọ́run tó mú kẹrosíìnì tán, mo dúpẹ́. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé dà? Ẹ yà fún mi.

Èmi á ṣí i, ẹ dúró lọ́hùn-ún tí ẹ bá ń bẹ̀rù. Ẹ yá mi ní abẹ́. Méjì... márùn-ún... méje. Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ rún. Èkejì: méje! Ó pé! Háà, ẹ̀rín yìí á pa mí, ẹ dì mí mú, ikùn mi! Igi! Ẹ fi igi gbé owó!

Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, òkò àbínújù kì í pẹyẹ, mi ò tilẹ̀ kí yín kí n tó máa bú yín. Aago mélòó? Mẹ́ta ti kọjá? Ẹ wọ bàtà yín, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí. Ẹ rò ó fún bàbá bí ẹ ṣe rò ó fún mi, tòun ti igi, tòun ti garawa. Wọ́n lè má gba èmi gbọ́, ṣùgbọ́n irú èyí, ta ló lè rò ó pa irọ́? Ẹ jẹ́ ká sáré. Ẹ má wulẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ta ló máa jí àkísà...

Ẹ tì í! Ẹ tì í, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yára tì í, ká lọ!