Ìkíni Tí Mo Torí Rẹ̀ Pa Ọmọ Ọlọ́mọ

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Yàrá tí mo ti ń kọ ìwé yìí kò jìnnà sí ibi tí wọn yóò ti so mí kọ́. Agbẹjọ́rò ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, èsì kò tíì dé, nítorí náà nígbàkígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá dún lọ́wọ́ wọ́dà, mo máa ń dìde dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn ló lé mi dìde láti kọ̀wé. Ẹnì kan tó wá wò mí sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n fi rọ́pò mi gẹ́gẹ́ bí alága lọ́jà ṣì ń fi àwọn ọ̀dọ́ kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Èmi ni mo dá ìjìyà yẹn sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò tún pa ẹlòmíì kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín.

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Aṣọ ni mò ń tà ní Banjul, olú-ìlú Gambia, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Bathurst. Ìlú yìí ni ìyàwó mi kú sí, n kò sì fẹ́ òmíràn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìwé kà. Mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìtàn àwọn ọba tó ń sin ènìyàn láàyè. Tíṣà wa, ọkùnrin ẹ̀yà Aku kan, tún sọ fún wa nípa erékùṣù kékeré inú odò Gambia, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ òkun tó dé. Mo bi í pé irú ènìyàn wo ló lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tí wọ́n bá fún ní kọ́kọ́rọ́ ni, Pà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé ó ń ṣeré ni.

Nígbà tí olórí àwa Yorùbá ọlọ́jà kú, wọ́n fi mí ṣe alága. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì rò pé ọgbọ́n ni. Iṣẹ́ mi kò ju kí n parí ìjà lọ, kí n sì sọ ẹni tí yóò gba ìsọ̀ tó bá ṣófo. Ìsọ̀ yẹn ni agbára mi, nítorí gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ló ń wá a.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Làsísì pẹ́ dé ìpàdé. Mo fi ṣeré pé, "Làsísì, kúnlẹ̀ síta, kí oòrùn kọ́ ọ ní aago." Ó kúnlẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Yékínì, ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní, "Alága, ẹnu yín mà ti ń múná."

Ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu mi jáde. Mo fi ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ń wo bí òógùn ṣe ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sì dìde. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí kò dìde, mo rántí pé ìsọ̀ ló ń wá, inú mi sì dùn.

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri. Ẹni tó bá jókòó nígbà tí mò ń kọjá, yóò kúnlẹ̀. Ẹni tó bá ráhùn, yóò gbé ìdì aṣọ lérí kúnlẹ̀. Mo ní àṣà ilé wa ni mò ń dáàbò bò, kí ó má baà run sí ilẹ̀ àjèjì.

Ìgbà náà ni Súlè dé láti gba ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Súlè kò tíì mọ ìrìn nígbà tí bàbá náà kú. Onígbàgbọ́ ni ìyá rẹ̀, Màmá Hánà, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Mùsùlùmí bàbá rẹ̀ ló fi tọ́ ọ dàgbà ní àdúgbò New Town. Aku ni ìyá náà, ara àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú Yorùbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown. Èdè wọn fi òyìnbó ṣe ìdí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Ìkíni wà lára ohun tó kù. Àwa ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" fún àgbà. Wọ́n ti gé "ẹ" kúrò lórí tiwọn tipẹ́tipẹ́. "Kúṣẹ̀" ni wọ́n ń kí ọmọdé, òun náà ni wọ́n ń kí àgbà.

Súlè kọjá níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Kúṣẹ̀, Pà."

Yékínì fọwọ́ bo ẹnu. "Alága, ẹgbẹ́ yín ti dé."

Mo ní, "Ta lò ń kí ní kú iṣẹ́?"

"Ìwọ ni, Pà."

Ó tún fi "ìwọ" kún un. Yorùbá tó gbọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ó kúnlẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo ní kí o kúnlẹ̀."

Ó ní, "Bí mo bá ń kírun nìkan ni mo máa ń kúnlẹ̀, Pà." Kò pariwo. Ó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Hánà wá bá mi, ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì. Èdè Aku ló sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní, "Pà, bí a ṣe ń kí pásítọ̀ nìyẹn. Bí a ṣe ń kí dókítà nìyẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn bàbá wa ti gbé e lọ."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti gbọ́ kúṣẹ̀ lẹ́nu Tíṣà wa láìmọye ìgbà, n kò sì bínú rí. Ṣùgbọ́n Yékínì àti àwọn yòókù ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Kí ó wá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ parí."

Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Kí lẹ fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe?"

Mo pe oníbàárà kan tó ń kọjá.

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, mo ní kí ọ̀dọ́ kan kúnlẹ̀, ó ní, "Súlè ò kúnlẹ̀." Oorun dá lójú mi. Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín lọ́jà, èmi ni mo rò pé wọ́n ń rín. Mo ń wo ojú àwọn ènìyàn bí olè ṣe ń wo ojú ọlọ́pàá.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn tí a kírun tán, mo pe Làsísì àti ọ̀dọ́ mìíràn. Mo ní kí wọ́n mú Súlè wá sí ẹ̀yìn ìsọ̀ mi, pé ẹni tó bá dì í mú dáadáa ni mo máa fún ní ìsọ̀ tó ṣófo. Wọ́n mú un wá, wọ́n di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

Mo ní, "Kí mi."

"Pà, mi ò fẹ́ ìjà."

"Mo ní kí o kí mi."

Mo ti mú ọ̀pá irin tí mo fi ń wọn aṣọ dání. Mo nà án ní èjìká. Mo nà án lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ má bínú."

Ó pe "ẹ" náà ketekete. Ìyá rẹ̀ sọ ní kóòtù pé ó ti ń kọ́ ọ nílé, kí ó lè wá fi tù mí nínú. Ohun tí mo ní mò ń wá ti dé. Mo gbọ́ ọ. Mo tún nà án.

Làsísì ní, "Bàbá, ó ti kí yín o."

Mo tún nà án.

Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, orí Súlè ti wálẹ̀, kò mí mọ́. Àwọn méjèèjì ṣì dì í mú.

Adájọ́ bi mí pé kí ló bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní inú kò bí mi. Ẹnu ya àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Àwọn ọba tí mo kà nípa wọn, mo ti rò pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ara wọn. Wọ́n ní ìlú, wọ́n ní ọmọ ogun. Èmi ní ìsọ̀ kan tó ṣófo, ó sì tó mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá pàṣẹ tí ẹnì kan sì kúnlẹ̀, ẹ wo inú ara yín. Bí ó bá dùn mọ́ yín, ẹ yára ní kí ó dìde, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró kí ó dùn lẹ́ẹ̀kejì. Bí àgbà bá sì ní kí ẹ bá òun di ẹnì kan mú, ohunkóhun tó bá fi lọ̀ yín, ẹ má gbà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí náà ni Làsísì àti ẹnì kejì rẹ̀ wà, ọjọ́ ilé wọn jìnnà. Ká ní wọ́n ti tú ọwọ́ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Súlè ì bá sá lọ, èmi ì bá bú u títí tí yóò fi rẹ̀ mí, ǹ bá sì lọ sílé lọ jẹun.