Bí Ìyá Mi Ṣe Dé Ilé Ìwòsàn Ní Ìdùbúlẹ̀

Ògo! Ògo! Ẹ jẹ́ kí n tún un pè kí àwọn òkè Dásà gbọ́: ògo ni fún Ẹni tó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìyá mi nígbà tí kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e!

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi kò gba ìdúró mọ́. Mọ̀ǹpẹ́ẹ̀, àlùfáà wa, ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde wá lónìí tí a ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo rí i pé nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn, èmi nìkan ló kù. Tí mi ò bá sọ ọ́, a ó sin ín mọ́ mi. Olúwa, o ṣeun tí mo ṣì lẹ́nu.

Ó ti pẹ́. Dàhòmì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, òmìnira wa ṣì ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí, mo ń kàwé ní yunifásítì ní Dàkáà. Ẹ ò lè mọ bó ti ń dùn tó láti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Dásà lásìkò ìsinmi, kí n gbójú sókè kí n rí àwọn òkè wa, kí èéfín oúnjẹ máa yọ láàárín àpáta. Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. "Akọ̀wé, o ti dé! Ṣé Faransé ti tán lọ́hùn-ún ni, tí o fi padà wá bá wa?" Mo ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé náà ni ìyá mi ṣubú. Ó ń sá ègé iṣu tí a fi ń ṣe èlùbọ́ lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lókè ilé wa, bí gbogbo obìnrin òkè ti ń ṣe. Òjò òjijì dé, ó sáré láti kó o. Àpáta tó lómi lára kò mọ àgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìbàdí sọlẹ̀. Inú ilé ni mo wà tí mo ti gbọ́ igbe náà.

Egungun itan rẹ̀ ló kán, lókè pátápátá, nítòsí ìbàdí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ gòkè wá wò ó. Ó fọwọ́ kàn án díẹ̀, ó fà mí sí ìta.

"Akọ̀wé, èyí ju agbára mi lọ. Kutonu ni. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó mọ egungun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí oṣù yìí ló ń padà sí ìlú rẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí òmíràn yóò dé. Tí kò bá tò ó, Ìyá kò ní dìde mọ́ láéláé. Ohun kan tún wà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé wọn débẹ̀ ní gbalaja. Ẹsẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ ká. Tó bá ká, egungun tó kán yẹn lè gé iṣan ẹ̀jẹ̀."

"Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ẹyọ kan ló wà fún gbogbo agbègbè yìí. Ti ẹni tó lè kú lónìí ni. Ìyá yín kò ní kú lónìí."

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ará! Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n sunkún. Ẹni tí kò ní kú lónìí, ta ni yóò gbé e?

Ó wà lórí ẹní. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í là sí i lẹ́yìn, òórùn rẹ̀ gba yàrá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni má baà máa nù ún nídìí. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ewé kan sùn sí àgbàlá rẹ̀! Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Olúwa, ìwọ lo mọ ohun tí mo sọ sí ọ nígbà yẹn, o kò sì bínú.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ mi tán, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Ẹni tó dùbúlẹ̀? Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ìyá mi ni."

"Mísíọ̀, èrò ní ìjókòó tirẹ̀, ẹrù ní àyè tirẹ̀, òkú ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ẹ ń sọ yìí, ibo ni kí n kọ ọ́ sí?"

Mo lọ bá àwọn awakọ̀ báṣé, àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn wọn. Ọ̀kan ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Èkejì rẹ́rìn-ín sí mi lójú.

"Akọ̀wé Dàkáà! Tí mo bá gbé ẹni tó nà gbalaja lónìí, ta ni yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la? Ṣé ìwọ ni wàá máa wọ̀ mí lójoojúmọ́?"

Mi ò lè bá a jà. Bí a ti bá ayé ni. Lọ́dọ̀ wa ní òkè, aláìsàn ni à ń pọ̀n, tàbí kí a gbé e jókòó lórí àga. Ẹni tí àwọn ọkùnrin bá gbé ní gbalaja, tí àwọn tó gbé e kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú ọ̀nà, òkú ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin gbà mí nímọ̀ràn pé kí a gbé e lọ lóru kí ojú má baà rí i. Ìyá mi gbọ́ láti orí ẹní. Ó ní, "Ṣé mo jalè ni? Ọ̀sán ni mo ṣubú, ọ̀sán ni màá lọ."

Ẹ bá mi yin Olúwa! Kì í ṣe ẹni tí mo ń retí ló rán. Ní ọjà Dásà, Mùsùlùmí kan wà tó ń ta iyọ̀ àti epo kẹrosíìnì, Alájì Ràímì. Kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní báṣé kan tó fi ń kó ọjà. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi délẹ̀, ó sì bi mí ní ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, Alájì. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ́ jù."

"Èrò ni wọ́n nígbà náà. Èmi a máa gbé èrò. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ mi ń lọ kó ọjà ní Kutonu, òfìfo ló sì ń lọ. Ẹ tẹ́ àpò òwú sínú rẹ̀ kó rọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ bá mi kí i níbi tó wà!

Nọ́ọ̀sì yá wa ní bránkáà, igi gígùn méjì pẹ̀lú aṣọ líle tí wọ́n nà sáàárín wọn. Láàárọ̀ Sátidé, Bọnifasi ìbátan mi àti àwọn ọkùnrin ilé wa gbé e. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Òkú nìkan ni wọ́n tíì gbé bẹ́ẹ̀ rí, ara wọn kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Bí bránkáà ṣe dé èjìká wọn báyìí, wọ́n pa ẹnu mọ́. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta láìsọ̀rọ̀. Oòrùn mú, Bọnifasi sì fa aṣọ bo ìyá mi lójú. Àánú ló fi ṣe é.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ti dúró dè wá nísàlẹ̀. Láti Kèrè ló ti wá láti wá sìn wá sọ́nà. Ó rí aṣọ lójú. Ó kígbe pe Bọnifasi, Bọnifasi kò dáhùn. Háà! Obìnrin yìí já gèlè rẹ̀, ó sì wólẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ o! Wọn ò tilẹ̀ dúró dè mí o!" Àwọn obìnrin mìíràn gba ẹkún náà. Kí a tó dé ibi tí ọkọ̀ wà, gbogbo àdúgbò ti ń sunkún ìyá mi.

Lásísì, awakọ̀ Alájì, bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Láhílá! Alájì kò sọ pé òkú ni. Èmi ò gbé òkú o! Ìyàwó mi wà nínú oyún!"

Mo ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Mo wo ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé tó bá lọ, kò sí òmíràn kí oṣù tó parí. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde lábẹ́ aṣọ.

"Ta ló kú? Àbúrò mi, ta lò ń sunkún fún? Wá ṣí aṣọ yìí lójú mi, ooru fẹ́ pa mí. Bọnifasi, ṣé odi ni ọ́ ni? Dá ènìyàn lóhùn!"

Ẹkún dá. Àwọn kan sá. Ìyá mi yí ojú sí awakọ̀.

"Ìwọ bàbá ọmọ tuntun, wá di ọwọ́ mi mú. Òkú wo ló ń bá ọ wí yìí?"

Lásísì fi orí ìka kàn án. Ọwọ́ náà gbóná, nítorí ibà wà lára rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ ká tapólì yẹn sókè pátápátá. Ẹ kọ orí mi sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ayé á ti rí ojú mi. Gbogbo ibi tí a bá ti dúró, èmi fúnra mi ni màá kí wọn. Òkú kì í kí ènìyàn. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Lásísì nu ojú rẹ̀. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Ìyá. Ẹ ṣáà má dákẹ́ o."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ. Olúwa, o ṣeun! Ní gbogbo ìletò, àwọn ènìyàn á rí ẹni tó nà sínú ọkọ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á fọwọ́ sàmì àgbélébùú. Ìyá mi á gbóhùn sókè: "Ẹ kú ọjà o! Ẹ kú oòrùn! Ará Dásà ni mí, ẹsẹ̀ ló kán, ẹnu ò kán o!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á bu omi fún wa. Nígbà tí a wọ ilẹ̀ Fọ̀n, ó fi ìwọ̀nba Fọ̀n tó mọ̀ láti ọjà kí wọn.

Ṣùgbọ́n láàárín ìletò kan sí èkejì, ẹ̀yin ará, kò sí ẹ̀rín. Ojú ọ̀nà pupa nígbà náà rí gbágungbàgun bí eegun ìhà. Bí táyà bá ti wọ kòtò, ìyá mi á fi eyín di apá aṣọ mi mú. Eruku bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Lẹ́yìn Bohikọn, ohùn rẹ̀ lọ. Èmi ló wá ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè fún un kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ẹ ò mọ bí ọwọ́ ìyá ẹni ṣe ń wúwo tó.

Àwọn jandámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wa dúró níbì kan. Ọ̀kan yọjú wò ó, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti kú?"

Ìyá mi la ojú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé mi lọ kí ó má baà pé."

Wọ́n ṣí ọ̀nà.

A dé Kutonu nírọ̀lẹ́. Dókítà náà, òyìnbó arúgbó kan, tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó wò mí lójú. "Ní gígùn lẹ gbé e wá. Ó dára. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún mi ní kíkákò."

Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn títí mo fi jáde sí ìloro. Bàbá kan láti Gbafo jókòó síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti já bọ́ lórí ọ̀pẹ, itan rẹ̀ kán bíi ti ìyá mi gan-an. Bàbá náà sọ fún mi pé, "Kò sí awakọ̀ tó gbà kó dùbúlẹ̀, ọmọ mi. A dì í mọ́ ìjókòó. A dì í dáadáa." Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ó kú. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n rí ọkọ̀ tó gbé e padà sí Gbafo, ní gbalaja.

Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Mi ò mọ ìdí tí a fi rí Alájì tí bàbá yẹn kò rí tirẹ̀. Mo ti bi Ọlọ́run léèrè láti ìgbà èwe mi di arúgbó. Mo ń dúpẹ́, mo sì ń béèrè. Ó gba méjèèjì lọ́wọ́ mi.

Dókítà to egungun náà kó tó lọ sí ìlú rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kan yóò kúrú díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Dàkáà, mi ò lọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì di ìyá mi mú lápá, wọ́n gbé e dìde. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé èkejì. Ó rìn láti orí ibùsùn dé ojú fèrèsé. Mo kígbe, "Àlélúyà!"

Ó bojú wẹ̀yìn. "Má pariwo. Àwọn aláìsàn ń sùn."

Ẹ dúpẹ́ fún mi, ẹ̀yin ará! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa, lọ́wọ́ Alájì, lọ́wọ́ Lásísì tí ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin, lọ́wọ́ Bọnifasi. Gbogbo wọn ti lọ. Ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà yẹn báyìí, ọkọ̀ aláìsàn sì ń dún wọ̀ọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mo máa ń dúró wò ó.

Ìwọ tí o wà níbí, tí o ní ẹnì kan nílé tó dùbúlẹ̀, tí àìsàn rẹ̀ kò yá ẹnikẹ́ni lára láti sáré: wọ́n lè lé ọ lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, wọ́n lè fi ọ́ ṣẹ̀sín ní ìkejì. Lọ sí ìkẹta. Má béèrè irú ìsìn tí onílé ń ṣe kí o tó kanlẹ̀kùn. Má sì jẹ́ kí wọ́n ká ènìyàn rẹ kò nítorí pé ojú ń ti wọ́n. Ọlọ́run rí ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ìyá mi tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rìn. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé Olúwa yìí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun náà ló sì sábà máa ń pẹ́ jù kó tó dé ibi ìjókòó rẹ̀. A máa ń dúró dè é. Olúwa, o ṣeun, o ṣeun, o ṣeun.