Ọsàn Kan Lórí Ilẹ̀ Pálọ̀ Mi

Rárá, Olúsànyà, má tíì kí mi, ìkíni kọ́ ló gbé mi wá, gbé àga yẹn sún mọ́ mi kí n jókòó, orúnkún mi ń ro mí, ọlọ́kadà yẹn sì ti kó mi wọ gbogbo kòtò tó wà láti Òkè-Sópin dé ọ́fíìsì rẹ yìí, ṣùgbọ́n èyí tí ọlọ́kadà ṣe fún mi kò tó èyí tí Zechariah tí o mú wá láti ra ilé mi ṣe fún mi lánàá. Zechariah! Ọkùnrin tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi! Tó jókòó sí pálọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ń wo òkè, tó ń wo ilẹ̀, tó ní, “Màmá, ilé yìí mà dára o.” Àṣé ó ń bọ̀ wá mú ẹni tó máa fi òòlù lu ògiri ilé náà! Lílù ni wọ́n lù ú, Olúsànyà. Kò, kò, kò. Wọ́n á lù ú, wọ́n á tẹ́tí sí i, bí ẹni pé ògiri mi jẹ gbèsè tó sì sá pamọ́.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Kí lo sọ fún mi lórí fóònù? O ní, “Tíṣà, ẹni tó fẹ́ ra ilé yín máa yọjú sí yín láàárọ̀, òun àti ẹnì kan.” Yíyọjú! Ṣé ohun tí à ń pè ní yíyọjú nìyẹn? Ẹni tó bá yọjú á kí ènìyàn, á mu omi, á lọ. Èyí gbé àkàbà wá! Ọmọbìnrin kan, Nimotalahi lórúkọ rẹ̀, ó ní ẹnjiníà ni òun, iṣẹ́ òun ni kí òun máa yẹ ilé wò fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Ó fi ìborùn bo orí rẹ̀ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun àkàbà, ó ṣí pátákó sílíǹ mi, ó sì wọ inú àjà lọ bí ológbò. Èmi dúró nísàlẹ̀, mo ń wo bàtà rẹ̀. Bàtà ni mo ń wò lókè orí mi, nínú ilé ọkọ mi!

Ṣé o mọ bó ṣe rí lára mi? Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ yé ọ. Bí wọ́n bá fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà, ẹni tó fẹ́ rà á máa la ẹnu rẹ̀ wo eyín, á gbé ìrù rẹ̀ sókè. Ó dáa, ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé Ajíbádé? Ilé tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkúta rẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n da dẹ́kì ilé yẹn, èmi ni mo ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà, oyún Abímbọ́lá sì wà nínú mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì dúró tì wá títí símẹ́ǹtì fi jókòó. Ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń gbé ìrù rẹ̀ sókè! Háà! Bí Ajíbádé bá wà láàyè, ta ló máa gbé àkàbà kọjá ẹnu géètì yẹn?

Mo sọ fún un o. Mo ní, “Ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀, ilé yìí ní sọ́fè.” Mo wọ yàrá lọ, mo gbé ìwé sọ́fè jáde, èyí tí Ajíbádé fi ọ̀rá wé, tí nọ́ńbà òkúta bíkìn igun ilẹ̀ wa wà lórí rẹ̀, mo nà án sí i lókè àkàbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wò ó, ó dá a padà. Ó ní, “Ìwé yìí dára, Màmá. Ibi tí ilẹ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ló sọ. Kò mọ nǹkan kan nípa ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà.” Olúsànyà, èmi ni ọmọ yẹn ń kọ́ níwèé! Èmi! Èmi tí mo ti ń dá ọmọ lóhùn láti ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ wà ní kíláàsì mi, tí ò ń sọ pé ìdajì nínú ìdajì jẹ́ odidi!

Má kàn máa mi orí. O fẹ́ sọ pé ìwọ̀sí ni. Ṣé mo ní irọ́ ló pa? Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, kò parọ́! Mo yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, òótọ́ ni. Ronú rẹ̀ báyìí. Bí mo bá fa ìlà yí etí sìlétì rẹ ká, tí mo kọ orúkọ rẹ sí i, gbogbo kíláàsì ló máa mọ̀ pé sìlétì rẹ ni, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ìlà yẹn lè sọ bóyá ìṣirò tó wà láàárín rẹ̀ tọ̀nà? Kò lè sọ ọ́. Ìwé sọ́fè ni ìlà etí sìlétì. Ilé ni ìṣirò. Ìlà la sì ń gbé lé ara wa lọ́wọ́ nílùú yìí, tí à ń yọ̀, tí à ń jó, kò sẹ́ni tó wo ìṣirò. Ṣé ó yé ọ? Sọ ọ́ síta. Ó dáa.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí tí mò ń sọ, mi ò tíì débẹ̀. Ọmọ yìí sọ̀ kalẹ̀, eruku bo gbogbo ara rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ọsàn nílé?” Mo rò pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ìbínú mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo mú ọsàn roboto kan nínú abọ́, mo tún ń wá ọ̀bẹ. Ó ní kí n má wulẹ̀ bó o. Ó gbé ọsàn mi kalẹ̀ sí àárín ilẹ̀ pálọ̀ òkè, ó yọwọ́. Olúsànyà, ọsàn dúró bí ẹni tó ń ronú. Ó mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó tì í, ó gba abẹ́ àga Ajíbádé kọjá, ó lọ dúró sí ẹsẹ̀ ògiri tí mo gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí. Ọmọ yẹn mú un padà, ó gbé e kalẹ̀ síbòmíràn. Ọ̀dọ̀ Ajíbádé náà ló tún lọ! Zechariah wá ní, “Hẹn-ẹn.” Kí ni hẹn-ẹn? Ta ló ń wá sí ilé onílé wá ṣe hẹn-ẹn?

Ọmọ yẹn wá yọ ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì o! Ó fi sàmì sí ẹsẹ̀ ògiri náà, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, èyí gan-an tí mo fi ń sàmì sí iṣẹ́ yín tí ẹ bá kùnà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe tíṣà ni mo fi ń fa ìlà yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń dùn yín nìyẹn.

Olúwa ló mọ̀, mo ti la ẹnu láti lé wọn jáde. Ìgbà yẹn ló ní kí n wá wo nǹkan kan ní yàrá mi. Ó ti ṣí sílíǹ ibẹ̀ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè sí igi ńlá tó gbé páànù dúró, èyí tó wà lókè ibùsùn mi gan-an. Ó gba báírò lọ́wọ́ Zechariah, ó gun àkàbà, ó fi ẹnu báírò tẹ igi náà. Báírò wọlé. Mo ní báírò wọlé, Olúsànyà, bí ìgbà tí o bá fi ìka tẹ búrẹ́dì gbígbóná! Ikán ti jẹ inú igi tán, èèpo ara rẹ̀ nìkan ló kù tó ń tàn mí jẹ. Mo sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀! Mò ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀, mò ń dúpẹ́ pé mo ní òrùlé lórí!

Zechariah ní kí n má bínú sí òun. Ó ní ilé tí òun kọ́kọ́ rà ní Ibiade lọ́hùn-ún, létí omi, ọ̀dà ni òun wò, fèrèsé ni òun wò, òun kó wọlé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí òjò dé, omi gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá wọlé, àwọn ọmọ òun ń fi abọ́ gbọ́n ọn jáde bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òun kò ní fi ojú lásán ra ilé mọ́ láyé òun, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá òun wò ó kí òun tó sanwó. Ó ní òun ṣì fẹ́ ilé mi, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ tú òrùlé yẹn, kí ẹnjiníà sì mọ ohun tó ń fa ẹsẹ̀ ògiri sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo ní bí ilé Ajíbádé kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n mọ ọ̀nà Ibiade.

Mo wá fa mátírẹ́ẹ̀sì mi lọ sí pálọ̀. Ò ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń rò ó pé bí mo bá sùn lọ, èmi náà á yí lọ bá Ajíbádé.

Ó dáa, rẹ́rìn-ín tán. Mo ní ìbéèrè kan, kékeré ni. Kí ló dé tí mo fi ń ta ilé mi? Orúnkún mi kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́, àbí? Abímbọ́lá sì ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo fẹ́ ilé ilẹ̀ kékeré kan nítòsí rẹ̀. Ta ló ń bá mi wá ilé ilẹ̀ náà? Ìwọ ni. Kí ni mo fẹ́ fi rà á? Ohun tí mo bá rí lórí ilé Ajíbádé. Òun nìkan ni mo ní, Olúsànyà. Bí èyí tí mo bá rà bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò ní òmíràn tí mo lè tà, mi ò sì ní orúnkún tí màá fi tún pọn omi fún bíríkìlà.

Wàyí o, kí àwọn ènìyàn yẹn tó lọ lánàá, mo tẹ̀lé ọmọ yẹn dé ẹnu géètì, ìbínú kò jẹ́ kí n dákẹ́. Mo ní, “Ìwọ tí o mọ ilé yẹ̀ wò tó báyìí, bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ rà, kí lo máa kọ́kọ́ wò?” Mo rò pé mo ti mú un. Ó ní, “Màmá, màá wo ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lára ògiri tó ti pẹ́. Màá ní kí wọ́n ṣí yàrá tí wọ́n bá sọ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí. Màá sì lọ wò ó lẹ́yìn òjò.” Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Èmi dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi wà lára géètì, mi ò lè tì í.

Nítorí ilé tí o mú mi lọ wò ní Àgọ́-Ìwòyè yẹn, èyí tó wà lẹ́yìn àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ṣé o rántí pé ọ̀dà rẹ̀ fà mọ́ ìró mi? Ó ṣì wà lára ìró náà, mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́. Ilé tó ti wà kí n tó bí Abímbọ́lá, ọ̀dà rẹ̀ tutù! Kì í sì í ṣe gbogbo ògiri ni wọ́n kùn, láti ilẹ̀ dé ibi orúnkún ni. Mo bi ọ́ léèrè, o ní, “Ẹwà ni, Tíṣà.” Ẹwà! Yàrá ẹ̀yìn ńkọ́? O ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò onílé, àbúrò onílé sì ti rìnrìn àjò. Ìgbà wo la sì lọ? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Eruku ń pa wá! Nígbà tí mo wá ní, “Olúsànyà, ṣé ilé yìí dára ṣá?” kí lo dá mi lóhùn? Sọ ọ́. Má wo ilẹ̀, sọ ọ́ kí n gbọ́. O ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà, ilé yìí ní sọ́fè.”

Ìlà etí sìlétì! Ọ̀rọ̀ tí mo nà sí ọmọ yẹn lókè àkàbà, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ!

Mi ò sọ pé olè ni ọ́ o. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, mo mọ Ìbíkẹ́ tó bí ọ, kò kọ́ ọ ní olè jíjà. Ohun tí mò ń sọ ni pé o kò wò ó. O fẹ́ ta ohun tí o kò wò fún arúgbó tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò rí i. Báwo ni mo ṣe máa rí inú ògiri?

Nítorí náà gbọ́ mi. Láàárọ̀ yìí mo pe Nimotalahi. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo pè é, mo ní kó má bínú. Ó máa padà wá yẹ ilé Ajíbádé wò tán, fún èmi alára lọ́tẹ̀ yìí, kí n tún òrùlé ṣe, kí Zechariah sì mọ ohun tó ń rà. Lọ́la, òun àti èmi àti ìwọ jọ ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Òjò rọ̀ lóru àná, ìyẹn dára. Wá àbúrò onílé lọ, ibi yòówù kó rìnrìn àjò lọ, kó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kò sí, ilé kò sí. Má sọ fún mi pé ẹlòmíràn ń sáré bọ̀ wá rà á, kó rà á! Kó rà á, kó sì gbé ọkọ̀ ojú omi dání!

Kí ló dé? Ẹ̀rín yẹn dà?

Ó dáa, máa nu òógùn ojú rẹ. Wò ó, mo mú un dání. Ọsàn àná náà ni, mi ò jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ yìí ńkọ́, ẹnikẹ́ni ti yẹ òun náà wò rí? Sún tábìlì yẹn díẹ̀. Mo ti gbé e kalẹ̀, mo ti yọwọ́. Dákẹ́, jẹ́ kó ronú ná. Hẹn-ẹn. Hẹn-ẹn! Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò, Olúsànyà, gbé e kúrò, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀!