Ojú Tí Adérógbà Yọ Lára Ọkọ̀

Òtítọ́ tí Adérógbà ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta, ó rí i pé bí òun kò bá pọ̀ ọ́ báyìí, yóò bá òun wọlẹ̀. Àìsàn kíndìnrín ti lò ó ku egungun. Ó ránṣẹ́ pe Múìdéènì, tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ wọn nígbà kan, wá sílé rẹ̀ ní Ilo-Awela. Múìdéènì fi igi tilẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti rẹ̀ mí," ni Adérógbà wí. "Ẹ rántí ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, tí mo ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ńlá, kí wọ́n lè máa ṣèpàdé nínú rẹ̀ láti Èkó dé Abẹ́òkúta? Kámẹ́rà kan wà nísàlẹ̀ iwájú rẹ̀ tó ń rí ohun tó bá wà nílẹ̀. Mo yọ ọ́, torí ó ń ba ẹwà ọkọ̀ jẹ́. Mọ̀nsúrát tí a jọ ń ṣe é kìlọ̀ fún mi, mo ní kó panu mọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn olùrà wá wò ó, ẹ lóṣòó láti gbé òkúta kúrò lọ́nà. Ọkọ̀ kò rí yín."

"Mo mọ̀ pé kò rí mi. Ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe pè mí láti Ìjù, Ẹnjinía?"

Ó ṣe Adérógbà bíi kó dúró síbẹ̀. Ó bú ara rẹ̀ nínú: ìkà tó ń kú lọ, tó tún ń ṣẹ́ ìjẹ́wọ́ kù.

"Ọtí tó wà lára aṣọ yín, èmi ni mo dà á. Ẹ ti dákú. Ọtí tí a rà fún àwọn àlejò ni. Mo wá sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ mutí yó lẹ fi ṣubú síwájú ọkọ̀."

Ọdún mọ́kànlélógún ni Múìdéènì fi ṣe ládàánì ní mọ́ṣáláṣí wọn, kí wọ́n tó ní ọ̀mùtí kò lè máa pe ìrun fún àwọn mọ́.

"Ruqoyah ìyàwó mi ló fọ aṣọ yẹn," ó wí. "Mo búra fún un títí. Ó ní òun gbà mí gbọ́, àmọ́ mo rí ojú rẹ̀. Èṣí ló kú."

Adérógbà rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ti ẹsẹ̀ mi, mo ti fi jì yín. Ti Ruqoyah kò sí lọ́wọ́ mi." Múìdéènì mú igi rẹ̀, ó dìde. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ wá sọ ọ́ létí gbogbo jàmáà. Bí ẹ kò bá lè rìn, n ó ní kí wọ́n wá gbé yín."

Orí ilẹ̀ ni Adérógbà ṣì wà nígbà tó dáhùn pé òun yóò rìn.