Igba Dọ́là Nínú Pásípọ́ọ̀tù Àtijọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan l'Agbowó, ìyá àgbàlagbà kan ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àtijọ́ fún ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀dà, sí ojú ìwé tí báńkì kọ owó ìrìn-àjò rẹ̀ sí.

"Àádọ́fà náírà lẹ fi ra igba dọ́là kẹ̀? Màmá, akọ̀wé báńkì ti ṣì í kọ."

"Kò ṣì í kọ! Èmi ni mo gbé owó náà dání lọ sí báńkì."

Èmi tí mo tò sẹ́yìn màmá náà lórí ìlà ti ṣírò ó tán: kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́ta fún dọ́là kan. Ó pé géérégé!

"Owó wa ló wúwo nígbà yẹn, ọmọ mi, tiwọn ló fúyẹ́. Ṣe ẹ̀dà márùn-ún. Àwọn ọmọ mi márààrún ló ń pè mí ní òpùrọ́."

"Mẹ́fà ni màá ṣe, mà. Èmi náà ò kúkú gbà yín gbọ́."